Adìẹ tó wú ìyẹ́ nínú ọyẹ́: ṣé òtútù ni àbí àìsàn? Lékeléke wa sì dà?

Ìyá Aránṣọ Kétu (ọjọ́ 8, oṣù kìíní)

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ kú ètè bíbó. Tèmi ti bó débi pé bí ẹ̀rín bá fẹ́ pa mí, màá kọ́kọ́ fi ọwọ́ di ẹnu mú. Òrí nìkan ló ń bá mi gbé e.

Ọ̀rọ̀ adìẹ ló gbé mi débí. Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mò ń gbé, ilé mi ò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, aṣọ ni mò ń rán. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ni ẹ̀rọ mi wà, ó ti tó ọdún mọ́kànlá, kò sì sóhun tó ń lọ ní àgbàlá yẹn tí kì í ṣojú mi. Adìẹ mẹ́rìnlá, àkùkọ kan, ẹtù márùn-ún, ewúrẹ́ mẹ́ta. Mẹ́rin ni ewúrẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀.

Láti bí ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọyẹ́ ti dé ní kíkún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ojú ọjọ́ á funfun bí omi ògì, oòrùn á yọ tán, síbẹ̀ mi ò ní ríhò abẹ́rẹ́. Mo nu ẹ̀rọ, kí n tó ki òwú bọ̀ ọ́, eruku ti tún bò ó, ó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n jọ̀. Láàárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí mo bá ṣílẹ̀kùn fún adìẹ, wọn kì í sáré jáde mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á wú ìyẹ́ bí ẹni tó wọ agbádá méjì léra, wọ́n á ki orí mọ́ àyà, wọ́n á ká ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n á fi ìkejì dúró lẹ́bàá ògiri tí oòrùn kọ́kọ́ ń tà sí. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ìyẹ́ rẹ̀ rí tóótòòtó. Ìyá Ọjà ni mò ń pè é nítorí kò síbi tí kì í dé, títí dé ilé alágbàdo tó wà lódìkejì títì. Òun náà ti ń dúró gbagidi báyìí.

Ìdí tí àyà mi fi ń já nìyí. Lọ́dún tó kọjá, bí wọ́n ṣe wú ìyẹ́ náà nìyẹn, tí mo ń sọ pé òtútù ni, yóò lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, adìẹ mọ́kànlá kú. Mo sáré lọ bá ẹnì kan tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà, ó ka hóró aláwọ̀ méjì fún mi, ó ní kí n tú u sómi wọn. Owó lọ, adìẹ lọ. Kí ni kí n máa wò báyìí tí màá fi mọ̀ pé òtútù ni, tàbí pé ohun tó pa ti èṣí ló tún ń bọ̀?

Ewúrẹ́ tó kú ńkọ́? Ọgbọ́n òtútù ló pa á. Bí oòrùn bá wọ̀, ọ̀dà títì á ṣì gbóná fún ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ nà sí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tẹ̀ ẹ́ ní ìdájí, awakọ̀ náà ò tiẹ̀ tẹ bíréèkì.

Ọ̀rọ̀ lékeléke ló kù. Lọ́dọọdún, kí ọyẹ́ tó pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ti máa gba orí ilé mi kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ogún, ọgbọ̀n, àwọn ọmọ àdúgbò á máa na èékánná sókè, wọ́n á máa tọrọ funfun lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún yìí, méjì péré ni mo tíì rí. Àṣá ò gbàgbé ní tirẹ̀, ó ti gbé òròmọdìẹ mẹ́ta. Ẹyẹ kékeré kan tún wà tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀: àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, kì í fò lórí ilẹ̀ bí àwọn yòókù, ńṣe ló ń rìn, ìrù rẹ̀ kì í sì í yéé mì sókè sódò. Inú ọyẹ́ nìkan ni mo ti máa ń rí i. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Àgbẹ̀ Òkè Ṣábẹ (ọjọ́ 8, oṣù kìíní)

Ọmọ mi, o kú ọyẹ́, o kú àfẹ́kù ewúrẹ́. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, nítorí náà bí o bá rí àṣìṣe, tirẹ̀ ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti lékeléke. Lékeléke kì í tọ ọyẹ́ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ màlúù ló ń tọ̀. Bí o bá ráyè, lọ jókòó síbi tí Fúlàní ti ń da ẹran kí o wò ó. Ẹyẹ yẹn kò ní rìn níwájú màlúù, kò sì ní jìnnà sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iwájú gan-an ni yóò wà, yóò máa wo ibi tí pátákò fẹ́ tẹ̀. Màlúù á gbé ẹsẹ̀, tata á ta jáde nínú koríko, kí tata tó balẹ̀, ọrùn ti nà, ó ti tán. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju kí ó máa dá wá a kiri lọ. Nítorí náà má bèèrè lékeléke mọ́, bèèrè pé níbo ni màlúù gbà lọ́dún yìí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọkùnrin, agbo ẹran tó ń ti òkè lọ́hùn-ún bọ̀ á gba ẹ̀yìn oko wa kọjá lọ sí etí Ọ̀pàrà, bí ẹran náà ṣe pọ̀ tó, eruku wọn á ṣáájú wọn dé. Nǹkan ti yí padà. Ní ìparí 2019, ìjọba wa ní kí agbo ẹran ilẹ̀ òkèèrè má wọlé wá jẹko níbí mọ́. Ti abẹ́lé tó kù náà, ojú ọ̀nà wọn ti di oko kajú àti oko àgbàdo. Màlúù á yà, lékeléke á bá a yà. Tìrẹ wà níbì kan, bóyá kò tó ìrìn wákàtí kan sí ọ̀dọ̀ rẹ.

Ti àṣá: kì í ṣe gbogbo ọdún ló ń bá wa gbé. Bí òjò bá ti ń sú, yóò gba àríwá lọ, bí ilẹ̀ bá gbẹ, yóò padà. Ohun tó ń mú un wá ju òròmọdìẹ rẹ lọ ni iná igbó. Èmi máa ń tètè sun ẹ̀gbẹ́ oko kajú mi, kí koríko tó gbẹ tán, kí iná ẹlòmíràn má bàa wá bá mi ní oṣù kejì. Kí èéfín tó ga ju igi lọ, àṣá ti dé, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń yí po. N ò mọ bí èéfín ṣe ń ránṣẹ́ pè wọ́n. Yóò já wálẹ̀ síwájú iná, yóò fi ẹsẹ̀ hán tata lófuurufú, yóò tẹ orí ba, yóò jẹ ẹ́ lórí ìrìn láìbà. Alángbá tó bá sá fún iná ti kó sí i lọ́wọ́. Àparò nìkan ló máa ń rọra ṣe tirẹ̀ jẹ́jẹ́, á rápálá láàárín ebè bí olè, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni yóò tó búrú sókè, tí ọkàn rẹ á fò.

Fi àgò bo òròmọdìẹ rẹ títí wọn yóò fi tó àdàbà. Kò sí oògùn àṣá mìíràn tí mo mọ̀.

Ohun kan sì ni, bí igi pọ̀npọ̀là bá wà nítòsí rẹ, lọ wò ó ní òwúrọ̀ kí òdòdó pupa rẹ̀ tó máa já bọ́. Kò ní ewé kan lórí, òdòdó nìkan, gbogbo ẹyẹ tó wà ládùúgbò á ti kó síbẹ̀ mu omi dídùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kúrò, lẹ́búlẹ́bú á ti kun wọ́n lójú. Mo ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, mo ṣì máa ń dúró wò ó.

Jẹunsókè (ọjọ́ 8, oṣù kìíní)

Ẹ má dààmú ara yín, Ìyá. Èyí tó bá ti ń tòògbé, ẹ ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lọ́rùn kí ó tó kú. Ọyẹ́ yìí ń fẹ́ ọbẹ̀ ata.

Ọmọ Kétu ní Cantal (ọjọ́ 9, oṣù kìíní)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọyẹ́. Ẹ bá mi kí ìlú. Mo ka ohun tí ẹ kọ, mo rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ sunkún, nítorí àná ni mo fi àáké fọ́ omi tó ti dì tí màlúù fẹ́ mu.

Cantal ni mo wà, ní àárín ilẹ̀ Faransé, agbègbè olókè ni. Oko màlúù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Salers ni wọ́n ń pe irú wọn, irun wọn pọ́n bí obì, ó sì ká jọ, ìwo wọn gùn, ó tẹ̀ sókè. Aago mẹ́jọ àárọ̀ níbí, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Òtútù àárọ̀ àná jẹ́ mẹ́jọ lábẹ́ òdo. Tí wọ́n bá sọ pé ó lọ sí 18 ní Kétu, tí ẹ ń wá aṣọ òtútù, mo mọ̀ pé ẹ ò parọ́, èmi náà gbọ̀n nínú ọyẹ́ nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ibi tí ilẹ̀ ti le bí òkúta, tí aṣọ tí ẹ sá síta á dúró ṣanṣan bí pákó.

Màlúù wa wọlé ní oṣù kọkànlá, ó di oṣù karùn-ún kí wọ́n tó tún gun òkè lọ jẹko. Koríko gbígbẹ tí a gé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tibí ni wọ́n ń jẹ ní gbogbo àkókò yìí. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn ilé wọn ní ìdájí, èémí wọn á rọ́ lù mí lójú bí èéfín ìkòkò ẹ̀kọ, ó gbóná, ó ń rùn wàrà àti ìgbẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń yá ọwọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa adìẹ yín nìyí. Ọ̀gá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ sí akọ màlúù kan tó wà níta. Yìnyín ti bọ́ sí i lẹ́yìn, ó funfun láti èjìká dé ìdí, kò yọ́. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká mú un wọlé, yóò kú!” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tí yìnyín ò yọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ara rẹ̀ dá, nítorí ooru ara rẹ̀ kò jáde, irun rẹ̀ ti ká a mọ́nú. Èyí tí yìnyín bá ń yọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ká bẹ̀rù fún. Ìyẹ́ adìẹ náà nìyẹn. Bí ó bá wú u, afẹ́fẹ́ á há sáàárín ìyẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn ni bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tó ká sókè náà, ó fi ń pamọ́ ni, torí kò síyẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà wíwú ìyẹ́ nìkan kì í ṣe àìsàn.

Àwọn ẹyẹ tibí ń fojú rí i. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní mésange, ẹyọ rẹ̀ kan kò wúwo ju hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ní oṣù kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kì í pé wákàtí mẹ́sàn-án, láàárín ìyẹn ló gbọ́dọ̀ jẹ ohun tí yóò fi la gbogbo òru já. Bí ó bá kùnà lọ́jọ́ kan péré, ó lè má jí. Ìyàwó ọ̀gá mi máa ń so ọ̀rá ẹran àti hóró sunflower kọ́ sára igi, ẹyẹ náà á dorí kodò, á máa họ ọ́. Òmíràn wà tí àyà rẹ̀ pọ́n bí epo pupa. Tí mo bá ń fi fọ́ọ̀kì ńlá kó koríko, ó ń bà sí bí ẹsẹ̀ méjì sí mi, ó ń dúró kí n ṣí nǹkan fún un. Mo ti ń bá a sọ Yorùbá. Kò tíì dáhùn.

Ẹyẹ oníyeyè yín, mo mọ̀ ọ́n! Bergeronnette ni wọ́n ń pè é níbí, bíi kí èèyàn sọ pé olùṣọ́-àgùntàn kékeré, torí ẹsẹ̀ ẹran ló ń gbé. Ẹ̀rùn tibí ni mo máa ń rí i pẹ̀lú màlúù lórí òkè. Nígbà tó bá di oṣù kẹsàn-án, ó ti lọ, alápàńdẹ̀dẹ̀ náà á tẹ̀ lé e. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ títí mo fi ka ohun tí ẹ kọ. Wọ́n kọjá òkun, wọ́n kọjá Sàhárà, wọ́n wá ń mi ìrù ní àgbàlá yín, èmi tí mo gba fíísà wà níbí nínú yìnyín.

Nígbà kan, àwọn mìíràn láàárín òyìnbó gbà pé abẹ́ omi ni alápàńdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí tí òtútù bá dé. Ní 1822, ní Jámánì, wọ́n pa ẹyẹ àkọ̀ kan tí ọ̀kọ̀ gún ọrùn rẹ̀ ní àgúnyọ. Igi ọ̀kọ̀ náà, igi Áfíríkà ni. Wọ́n ta á lọ́kọ̀ ní Áfíríkà, ó sì gbé e fò padà dé ilé. Ó ṣì wà ní yunifásítì Rostock dòní, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́rùn.

Dókítà Ẹran Ọ̀sìn, Àjàṣẹ́ (ọjọ́ 9, oṣù kìíní)

Màmá, ẹ kú ìdúró. Inú mi dùn pé ẹ bèèrè kí wọ́n tó máa kú. Ìgbà tí wọ́n bá ti kó òkú adìẹ sínú àpò wá bá mi ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bèèrè.

Jẹunsókè, má bínú, ìmọ̀ràn rẹ yẹn ló ń tan àìsàn káàkiri. Wọ́n á pa á, wọ́n á da omi ìdí rẹ̀ àti ìfun sí ẹ̀yìnkùlé, adìẹ aládùúgbò á wá ṣa á jẹ. Àwọn mìíràn á sáré gbé e lọ tà lọ́jà, ẹlòmíràn á rà á lọ sí abúlé mìíràn. Báyìí ló ṣe ń rìn.

Ọmọ Kétu ní Cantal ti sọ òótọ́ nípa ìyẹ́. Aago ni kí ẹ máa wò, Màmá. Bí oòrùn bá ti ta dáadáa, bíi aago mẹ́wàá, kí ìyẹ́ gbogbo wọn ti sọ̀. Ẹ fọ́n ìkúnwọ́ àgbàdo kan sílẹ̀. Èyí tó sáré wá, òtútù ló mú un. Èyí tó ṣì wú ìyẹ́ ní ọ̀sán gangan, tó dijú, tí kò ya àgbàdo sí, ẹ gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ṣàn tó sì dúdú bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n gún, bí ó bá ń mí bí ẹni tí nǹkan há lọ́nà ọ̀fun, bí apá bá ń wọ́lẹ̀, bí ọrùn bá lọ́ tó ń wo ẹ̀yìn, ó jọ àìsàn adìẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle nìyẹn, ó sì jọ pé òun ló pa ti èṣí. Inú ọyẹ́ ló máa ń jà jù lọ́dọ̀ wa. Apá kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé ìgbà ọdún ni, adìẹ ń ti ọjà dé ọjà.

Kò ní oògùn. Fáírọ́ọ̀sì ni. Hóró aláwọ̀ méjì tí wọ́n tà fún yín, bakitéríà ni irú rẹ̀ sábà ń bá jà, kò lè mú fáírọ́ọ̀sì. Àjẹsára ni ohun tó wà, adìẹ tí ara rẹ̀ dá sì ni a ń fún. Èyí tí a ń kán sójú wà: ẹ̀kán kan, ojú kan, ó parí. Ó yẹ kí a ṣe é kí ọyẹ́ tó dé, ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, kí a sì tún un ṣe lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ti yín ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí kú, ẹ má dúró. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí àjẹsára náà tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìgò kan máa ń tó ọgọ́rùn-ún adìẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá sì ti pò ó, kò ṣe é fi pamọ́. Ẹ kó àwọn aládùúgbò jọ. Òru ìdájí ni kí ẹ mú wọn, nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí ìtẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó sáré títí yóò fi di ọ̀sán.

Ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá. Ẹ fi ẹní tàbí àpò dí ẹ̀gbẹ́ yẹn ní ilé adìẹ yín, kí ẹ fi òkè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ pààrọ̀ omi wọn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, torí eruku á ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Kí ẹ máà mú adìẹ ọjà wọ àárín wọn títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Bí púpọ̀ bá kú lójijì, ẹ pe ọ́fíìsì ẹran ọ̀sìn ní kọ́mínì (ìjọba ìbílẹ̀) yín, kí ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé òkú wọn: àìsàn ọ̀fìnkìn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1, tó wọ Nàìjíríà ní 2006, tó sì dé ọ̀dọ̀ wa níbí ní 2007, ìrísí rẹ̀ lè jọ ti Newcastle, ó sì lè ran èèyàn.

Ewúrẹ́ yín náà, ẹ máa wo imú wọn. Ikun tó nípọn, ojú tó ń ṣepin, egbò ní ètè àti ìgbẹ́ gbuuru nínú ọyẹ́, ẹ má pè é ní ọ̀fìnkìn. PPR ni wọ́n ń pe ìyẹn, àjàkálẹ̀ àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn ni, ó lè pa gbogbo agbo. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ń dáàbò bo ewúrẹ́ fún bí ọdún mẹ́ta.

Ìyá Aránṣọ Kétu (ọjọ́ 19, oṣù kìíní)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Baba Ṣábẹ, mo dọ̀bálẹ̀ bí obìnrin ò tiẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀. Dókítà, Ọlọ́run á bá yín ṣọ́ ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Ọjọ́ tí mo ka èsì yín, mo fọ́n àgbàdo ní aago mẹ́wàá. Méjìlá àti àkùkọ sáré wá, wọ́n tilẹ̀ gun ara wọn lórí. Méjì ò wá. Ọ̀kan dúró lẹ́bàá ògiri, ojú rẹ̀ ń pa dé bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù, ìgbẹ́ ewé ti lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Mo gbé e sínú àgò lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọjọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ lọ́. Ó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbẹ́ ilẹ̀ jìn, mo sin ín, mo da eérú lé e. Mi ò jẹ ẹ́, Jẹunsókè.

Èkejì ni Ìyá Ọjà. Mo wá a títí, ìgbà tí mo rí i, abẹ́ tábìlì tí mò ń kó ìrépé aṣọ sí ló wà, ó wú ìyẹ́ débi pé ó tó tòlótòló, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń kùn. Mo na ọwọ́ kí n gbé e jáde, ó fi ẹnu sọ mí! Ẹ̀jẹ̀ yọ. Mo wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: ẹyin mẹ́sàn-án, lórí ìrépé àǹkárá oníbàràá mi kan tí mo ti ń wá láti ọjọ́ ọdún. Àṣé ó ń sàba ni, gbogbo ìbẹ̀rù mi. Mo ti fi àǹkárá sílẹ̀ fún un. Oníbàràá yẹn yóò ṣe sùúrù.

Ọ̀rọ̀ àjẹsára kò rọrùn tó bí Dókítà ṣe sọ ọ́. Ilé méje ni mo kàn. Ìyá kan ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n kán nǹkan sójú adìẹ òun, pé yóò fọ́jú. Bàbá kan ní ti òun kì í ṣàìsàn, ó sì wà lára àwọn tí tiwọn kú tán lọ́dún tó kọjá. A rí adìẹ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún kó jọ. Owó tó kan adìẹ kọ̀ọ̀kan kò tó owó àkàrà tí ọmọ kan ń jẹ láàárọ̀. Ọjọ́bọ̀, kí àkùkọ tó kọ, ẹni tó ń tọ́jú ẹran gun alùpùpù dé pẹ̀lú fúláàsìkì tó kó yìnyín sí, a sì ń fi iná fóònù mú adìẹ lórí ìtẹ́, mo ń di ìyẹ́ mú, ó ń kán an. Adìẹ á ṣẹ́jú, ó parí. Ọmọ mi obìnrin ló ń kà wọ́n. Ìyá Ọjà náà gba tirẹ̀ lórí ẹyin, ó sì tún fi ẹnu sọ ẹni náà. Látìgbà náà, kò tíì sí òkú mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé, mo ṣì ń fọ́n àgbàdo mi ní aago mẹ́wàá.

Baba, mo bèèrè màlúù bí ẹ ṣe wí. Ọlọ́kadà zémijàn kan ló sọ fún mi pé òun rí wọn lójú ọ̀nà Ìlìkímù. Ọjọ́ Àìkú, mo ní kó gbé mi lọ. Ó rò pé gbèsè ni mo fẹ́ lọ gbà. Màlúù bí ogójì, ọmọ Fúlàní kan tó fi aṣọ bo imú nítorí eruku, àti lékeléke mẹ́tàdínlógún, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí Baba ṣe wí gẹ́lẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iwájú! Ọ̀kan gun ẹ̀yìn akọ màlúù, ó dúró bí awakọ̀. Àwọn oníyeyè náà wà nílẹ̀ láàárín wọn, mẹ́ta, ìrù ń mì. Ọmọ Kétu ní Cantal, mo kí wọn fún ọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n wọn kan ń fọ́ omi fún màlúù lọ́hùn-ún.

Ti ewúrẹ́: mo gé ìyókù aṣọ tó ń tàn bí iná mọ́tò bá tàn sí i, èyí tí mo fi rán ẹ̀wù fún àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì, mo rán ọ̀já ọrùn mẹ́ta, mo so ó mọ́ wọn kí awakọ̀ lè máa rí wọn lóru. Ó pé ọjọ́ méjì. Lánàá, ọ̀kan ti jẹ ti èkejì.